Ẹgbẹ̀rún Mẹ́fà Ímeèlì

Fóònù ni ọkùnrin kan kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó ni ín. Ó ń gbọ̀n lórí tábìlì, ó ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sétí, bó sì ṣe fẹ́ já bọ́ ló na ọwọ́ gbá a mú. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí obìnrin kan tó bọ́ bàtà sílẹ̀, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, tó ń jẹ ìdí bíírò. Kíá ni ìbínú tó gbé gun àtẹ̀gùn wá fò lọ.

Ó kúkú yẹ kí ọkùnrin náà bínú. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga náà jọ fi ń ṣe ìṣirò. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ lánàá?"

"Èmi ni. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ ímeèlì sí yín tó bá bẹ̀rẹ̀, ó tún ń kọ òmíràn tó bá parí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà nìyẹn, wọ́n ti dí ọ̀nà ímeèlì gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Láti àárọ̀, ọ̀gá àgbà ò rí lẹ́tà kan ṣoṣo gbà."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Bí odò ṣe ń kún wọ ìgboro ló ń ṣírò, torí oyè ọ̀mọ̀wé tó ń lé. "Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mi ò bá mọ ibi tí wọ́n dé."

Jẹ́jẹ́ jókòó, ó tẹ ìlà kan péré sínú iṣẹ́ náà. "Èyí tó bá forí ṣánpọ́n nìkan ni yóò máa kọ̀wé báyìí. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, dáadáa ni."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ kì í rí nǹkan tí yóò wá ṣe lókè yẹn. "Ẹlẹ́gbẹ̀rún, fóònù ò tíì bọ́ lónìí?" Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ rìn dé ibùdókọ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí kò sọ gbólóhùn ìfẹ́ kan.

Ìyá obìnrin náà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kò fara mọ́ ọn. Dókítà eyín kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. "Dókítà ń pè láàárọ̀, ó ń pè lálẹ́. Tìẹ yẹn ńkọ́? Ṣé odi ni? Sátidé ni dókítà ń bọ̀ wá gbọ́ èsì."

Ní Ọjọ́bọ̀, ara obìnrin náà ò gbà á mọ́. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí iṣẹ́ tó kó sórí ẹ̀rọ gbẹ̀yìn ti dákẹ́. Ó wò wọ́n, ó rí i pé ìkankan ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó sáré wọ ọ́fíìsì Jẹ́jẹ́.

"O ní tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, dáadáa ni!"

Jẹ́jẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò. "Àyè tí wọ́n ń fẹ́ ti pọ̀ jù, ni ẹ̀rọ bá dá wọn dúró sórí ìlà. Iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ kò sì lè forí ṣánpọ́n. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò rò ó débẹ̀."

"Ìwọ náà ńkọ́? O ò sọ pé o fẹ́ mi, o ò sọ pé o ò fẹ́ mi. Ṣé kí n máa rò pé dáadáa ni? Ọ̀túnla ni mo máa fún ẹlòmíràn lésì." Omijé lé ròrò sí i lójú bó ṣe jáde.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, ímeèlì kan ṣoṣo wọlé láti ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́: ó ti dín àyè tí wọ́n ń fẹ́ kù, gbogbo iṣẹ́ ti parí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn wà nídìí rẹ̀. Kò sí.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ilé ìyá. Jẹ́jẹ́ ni, ó ṣi bọ́tìnnì ẹ̀wù dè.

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá sọ ọ́, tó bá ní òun ò fẹ́, mi ò ní rí ibi gbà lọ kí i mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ fi í ṣe aya."

Ìyá kọjú sọ́mọ. "Ó ti sọ tiẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Òun ni mo fẹ́, Màámi. Òun náà ni mo ti ń dúró dè."

Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ dókítà eyín dúró níta. Ọmọ fẹ́ dìde, ìyá tẹ̀ ẹ́ léjìká padà sórí àga.

"Jókòó ti ọkọ rẹ. Èmi ni mo ní kí dókítà wá, èmi ni màá lọ bá a sọ ọ́."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde lọ.