Irin Kékeré inú Ìbọn Ọlọ́dẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tọkàntọkàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí òkùnkùn kò lè fi nǹkan pamọ́ fún.

Orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni atúnbọnṣe kú sí lọ́sàn-án gangan. Ọta wọ̀ ọ́ láyà. Ìbọn ìléwọ́ ìgbàlódé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ilé ọta rẹ̀, àpótí kékeré tí wọ́n ń to ọta sí, sì wà lọ́tọ̀ lórí àkísà.

"Àṣìṣe ni, Ọ̀gá." Ọlọ́dẹ báńkì tó ni ìbọn náà ló ń bá Má-yára, obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, sọ̀rọ̀. "Ojú mi báyìí ni atúnbọnṣe ṣe yọ ilé ọta, tó gbé e sílẹ̀. Ó gbàgbé pé ọta kan ṣì wà lọ́fun ìbọn. Ó ń nù ún ló bá dún."

"Irọ́!" Ìyàwó olóògbé nawọ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Apànìyàn nìyí! Àná ló búra pé ṣọ́ọ̀bù yìí á di tòun."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ìbínú ló sọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń lọ irin nígbà tí mo gbọ́ ìró. Kí n tó sáré dé, bàbá ọlọ́dẹ ti wà lórí ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹnu yín pọ̀ jù," ni Má-yára wí. "Ẹ jẹ́ ká bi ìbọn léèrè."

Ó ti ọta àfidánrawò tí kò ní ẹ̀tù bọ ọ̀fun ìbọn. Ó fi ilé ọta sílẹ̀ níta. Ó tẹ irin ìfà. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ti ilé ọta wọlé, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Kó!

"Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí ilé ọta bá ti jáde, irin yẹn á di ìfà mú, ìbọn ò sì ní yìn. Bàbá ọlọ́dẹ, báwo lẹ ṣe rí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí irin yẹn níbẹ̀! Ó máa ń yọ ọ́ dànù kí ìfà lè fẹ́lẹ́!"

"Ta ló sọ fún yín?"

Ọlọ́dẹ jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ọmọ mi obìnrin ló sọ fún mi. Òkú rẹ̀ ló sọ fún mi. Ìbọn mi àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yìí tún ṣe, mo yọ ilé ọta, ọkàn mi balẹ̀, ìka mi kan ìfà. Ó yìn, ó bá ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìbọn tuntun wá, mo ní kó ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́ lónìí ni mo fi ọta sí i, mo yìn ín fún un. Mo wá yọ ilé ọta, mo gbé e sílẹ̀, kí gbogbo ayé lè máa ròyìn ikú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ikú ọmọ mi."

Ohùn ìyàwó olóògbé rẹlẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ yẹn, ọkọ mi ò yọ irin náà mọ́. Gbogbo ìbọn tó ti yọ ọ́ kúrò nínú wọn ló ń wá kiri, tó ń dá irin náà padà sínú wọn, tòun tomijé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ fún yín."

Ọlọ́dẹ na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ká ní ó sọ fún mi," ni ó wí, "ǹ bá ṣì pa á. Ṣùgbọ́n ǹ bá sunkún rẹ̀."

Olùfẹ́ mi, kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹnu láti tọrọ ìdáríjì kó tó pẹ́ jù, kí ó sì wẹ ẹ̀san kúrò lọ́kàn rẹ. Àmín.