Mọ́tò Funfun Kú Lórí Òkè

"Má fún àbúrò rẹ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kankan o! Àwọn ọlọ́ṣà ló ń bá rìn báyìí."

Iṣẹ́ tí ìyá Àǹtí Rewáyà rán sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti àná ni àbúrò náà ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò funfun ayé àtijọ́ tí oníbàárà kan gbé wá. Ó ní òun fẹ́ dán an wò dé ìkóríta ni. Ìkóríta wo ló jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Àǹtí Rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, fìdí lé táyà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wá sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán.

Gbàà! Gbàà!

Ìbọn! Ní ilé epo tó wà lódìkejì títì, lọ́sàn-án gangan! Ọkùnrin méjì gbé àpò owó já jáde, wọ́n kó sínú mọ́tò funfun.

Àbúrò rẹ̀ ló di sítíárì mú.

"Tẹ̀ ẹ́!" olórí wọn ń fọ́nnu. "Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá wá lá eruku wa!"

Vuuuuu! Wọ́n ti lọ.

Sájẹ́ńtì àti ọlọ́pàá kan fò sínú ògbólógbòó ọkọ̀ wọn tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù. Sájẹ́ńtì yí kọ́kọ́rọ́.

Ta-ta-ta-ta.

"Ẹ wá tì í!"

"Sájẹ́ńtì, ẹ rọra. Tó bá ń dún ta-ta báyìí, ẹ́ńjìnnì kọ́. Orí bátìrì ni."

Àǹtí Rewáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nǹkan funfun ti hù bo orí bátìrì bí ìyẹ̀fun. Ó ha á kúrò, ó fi sípánà dè é le.

Gbrrrúmù!

"Ẹ wọlé, Àǹtí! Tó bá tún kú lọ́nà ńkọ́?"

Ó wọlé. Kò sọ ẹni tó ń wakọ̀ níwájú.

Wọ́n sá, wọ́n lé! Pàù! Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá fọ́ yángá! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè.

"Àǹtí, gééjì ooru ti fò sókè!"

"Ẹ tan hítà."

"Hítà? Nínú oòrùn yìí? Ṣé ẹ fẹ́ sè wá jẹ ni?"

"Á fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ làágùn díẹ̀, Sájẹ́ńtì, ẹ ò ní yọ́."

Wọ́n làágùn, wọ́n gun òkè náà dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, fùùùù! Èéfín bo iwájú wọn.

"Ẹ pa á! Ẹ má ṣí ìdérí rẹdíétọ̀ o, omi gbígbóná á bó yín lójú!"

Níwájú, mọ́tò funfun náà dákẹ́ lójijì, fìn! Àwọn méjì gbé àpò, wọ́n já wọgbó. Àwọn ọlọ́pàá gbá tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó ráyè awakọ̀.

Àǹtí Rewáyà rọra gun ìyókù òkè náà. Àbúrò rẹ̀ ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ọlọ́run ló rán yín. Ó kàn kú ni! Bóyá epo ló tán?"

"Tó bá jẹ́ epo ni, á kọ́kọ́ wúkọ́. Èyí tó kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná ló já."

Ó wo inú rẹ̀. Wáyà kọ́ìlì tó ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì ti yọ, ó ń mì dirodiro. Ìka kan péré ló máa tì í padà.

"Ẹ ti rí i, àbí?"

"Mo ti rí i."

"Ẹ bá mi fi sí i kí wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbé mi pọ̀n o!"

Pàù! nínú igbó. "Ju ìbọn ẹ sílẹ̀! Dọ̀bálẹ̀!" Ó jọ pé ọwọ́ ti tẹ àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ti ń padà bọ̀.

Ẹ̀yìn ń ro Àǹtí Rewáyà, àfi bí ẹni pé ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Mo mọ ohun tó ṣe é, mi ò sì ní tún un ṣe. Màá fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́, màá sì bá ọ dé àgọ́ wọn. Jókòó."