Ọwọ́ Tí Janet Kò Tètè Tú

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lọ́dún 1986 ni, ní Rore. Janet ti Òmù-Àrán wá kí Rúùtù àbúrò rẹ̀, ó sì bá a nídìí odó tó ń gúnyán. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni Janet. Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kọ́ ọ ní júdò débi pé ó lè dá géńdé ọkùnrin mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́.

Jòhánù, ọkọ Rúùtù, ti ibi ẹmu dé. Ó ní kí ló dé tí oúnjẹ kò tíì délẹ̀, ó sì gbá ìyàwó rẹ̀ létí. Janet ní kó fi í sílẹ̀. Ni Jòhánù bá já ọmọ odó gbà, ó gbé e sókè sí Janet lórí.

Janet yẹ̀ ẹ́, ó fẹsẹ̀ gbá a, Jòhánù lulẹ̀. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí débẹ̀, òfin wà lẹ́yìn Janet.

Ṣùgbọ́n ọdún méje ló ti ń rí àpá lójú àbúrò rẹ̀. Ó fi apá há ọkùnrin náà lọ́rùn, ó sì fún un. Rúùtù ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tú u sílẹ̀. Nígbà tó fi máa tú u, Jòhánù kò mí mọ́.

Awóyẹmí, agbẹjọ́rò tó gba ẹjọ́ Janet rò, bá a ní àtìmọ́lé. Kò tàn án.

"Ẹ gbọ́, mà," ló wí. "Òfin gbà kéèyàn gbèjà ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíì, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó máa lé ewu lọ. Ẹ ti dá a mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ẹni tó kọ́ irú ìjà yẹn kò lè sọ pé òun ò mọ ohun tí ọrùn fífún ń ṣe."

Ní kóòtù, Rúùtù nìkan ni ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ tún gbìyànjú láti dìde. Ó ń sunkún bó ṣe ń dáhùn.

"Kò dìde mọ́. Mo bẹ àǹtí mi. Wọn ò gbọ́."

Adájọ́ gbà pé Janet kò pète láti pa á, ìyẹn ni kò fi dájọ́ ikú fún un. Ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n ni. Àwọn àna Rúùtù kó àwọn ọmọ lọ, wọ́n ní ẹbí rẹ̀ ló pa ọmọ àwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rúùtù lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Janet kọ̀, kò jáde wá rí i.

Ẹ̀yin ṣọ́jà, ọlọ́pàá, ọdẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ kàrátè tàbí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ẹ gbèjà ara yín bí ewu bá dé. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà kò bá lè ṣe yín léṣe mọ́, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ pe aládùúgbò, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá sì mọ ẹni tí wọ́n ń lù nílé ọkọ, ẹ tètè lọ fẹjọ́ sùn, kí ìbínú tó ṣáájú yín débẹ̀.