Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Ingrid Bèèrè

Rejoice, ọmọ àdúgbò, ti di apá òsì orí Moyinolúwa tán, apá ọ̀tún ṣì wà ní títú, nígbà tí ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa Moyinolúwa.

"Rejoice, dúró ná," ó ní. Ó wọlé lọ gbé iyán tí ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Ernest, gún sínú kúlà kó tó lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Iṣu tuntun ni, ó ṣì ń gbóná. Ó gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Wá jẹun."

"Á gba ibi ire o," Rejoice dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára abọ́.

Moyin ní kò burú. Ó jẹun títí ó fi yó, ó tún lá ọwọ́. Rejoice jókòó tì í pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó dìde. "Mò ń bọ̀, jẹ́ kí n yọjú sílé."

Ta ni kò mọ irú "mò ń bọ̀" yẹn ní Kabba? Moyin nìkan ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó jókòó pẹ̀lú ìlàjì orí, ó ń wo ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Okun o," òun náà ń dáhùn, wọ́n sì ń fi orí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Rejoice kò padà.

Ká má purọ́, ọmọ náà ti rìn jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀, Ernest, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú un lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ á rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n á ní báwo ni, bí wọn kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó kéré tán, ẹnìkan bá ọ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ gbé Ernest lọ sí Nọ́wè lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ní ìlú Bẹ́gẹ̀n, ẹ̀rín tí Moyin kó ti Amẹ́ríkà bọ̀ kò rí ẹni gbà á. Ó kí àwọn tó wà ní ibùdókọ̀, wọ́n wo ilẹ̀. Ó jókòó ti obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì tí àyè pọ̀ sí, obìnrin náà dìde lọ sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò bú u, àmọ́ ó máa ń ṣe é bíi pé òun kò sí níbẹ̀.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, Ingrid, nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, Ingrid ní, "Ṣé wàá bá wa lọ sí ilé wa kékeré tó wà lórí òkè?"

Inú Moyin dùn gan-an. Ṣùgbọ́n Màmá Ernest ló kọ́kọ́ tọ́ ọ: ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í sáré jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. "Ẹ ṣé, ẹ má ṣe ìyọnu nítorí mi," ló sọ, ó wá ń retí ìpè kejì.

"Kò burú," ni Ingrid wí. Ó tán síbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ọdún Àjíǹde náà. Moyin nìkan ló wà nílé, ó ń wo òjò lójú fèrèsé, ó ń sunkún. Láti ìgbà náà ni kò ti yà sọ́dọ̀ Ingrid mọ́. Ó dá a lójú pé ìpè ọ̀hún kò ti inú wá. Nígbà tí ìsinmi wá gbé e dé Kabba, ó pinnu pé òun kò padà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ òní ni bàbá rẹ̀ máa pè kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà, ohun tí Moyin sì fẹ́ sọ fún un nìyẹn.

Màmá Ernest dé, ó wo orí rẹ̀. "Okun, ọmọ mi. Ta ló fi ọ́ sílẹ̀ bí oko tí wọ́n ro dé ìdajì?"

"Rejoice ni, Màmá. Ó ní òun ń bọ̀."

Màmá wo abọ́ tó wà nílẹ̀. "Ṣé ó jẹun?"

"Mo ní kó wá jẹun, ó ní á gba ibi ire."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo sọ fún un?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ọmọ tó ti oko bọ̀ tààrà wá dirun fún ọ! Ò bá fà á lọ́wọ́. Á ti máa rò pé ahun ni ọ́."

"Màmá, mi ò ṣahun! Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo gbà gbọ́."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ingrid. Ohun tí Ingrid náà ṣe nìyẹn. Ingrid kò kórìíra rẹ̀. Ohun tí òun Moyin fi ẹnu ara òun sọ ló gbà gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ Àjíǹde náà fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Màmá mí kanlẹ̀. "Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Mo kọ́ ọ ní ohun tó tọ́ ní Kabba, mi ò dé Nọ́wè rí. Ṣùgbọ́n abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣé o bi ọmọ náà léèrè?"

"Rárá, Màmá."

Moyin fi gèlè bo orí, ó gbé iyán tó kù lọ sílé Rejoice. Rejoice ní òun ti yó. Moyin bẹ̀ ẹ́, ó tún ní òun ti yó. Moyin fà á lọ́wọ́, ó fi òkèlè sí i lọ́wọ́. Rejoice bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará òkè òkun! Ebi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú?" Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì di ìlàjì orí tó kù.

Moyin wá kọ̀wé sí Ingrid lórí fóònù: "Ó wù mí láti bá yín lọ nígbà Àjíǹde tó kọjá. Nílé wa, ìpè kejì là ń jẹ́. Mi ò sọ fún ọ. Má bínú."

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. "Mo rò pé o kò fẹ́ràn mi ni, mo sunkún. Ẹlòmíràn la mú lọ, òun náà la ti pè fún ti ọdún tó ń bọ̀. Àyè kò sí mọ́. Ṣé wàá máa bá mi jẹun ọ̀sán tá a bá padà sílé ìwé?"

Ó dun Moyin dénú egungun. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọ "Má ṣe ìyọnu" kó tó mọ̀. Ó pa á rẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló kọ, "mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an."

Nígbà tí Ernest pè, Moyin ní, "Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, Dádì."

Òjò Bẹ́gẹ̀n ṣì ń dúró dè é, bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kì í kí i nínú rẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ti mọ ohun kan báyìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà ẹ mọ̀ ọ́n kó tó pẹ́ jù: bí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ má fi àṣà ilé yín díwọ̀n ìfẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ bèèrè, kí ẹ sì fi ẹnu yín sọ ohun tí ọkàn yín ń fẹ́, nítorí ibòmíràn wà tí wọn kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.