Ìdajì Ife Tíì Pupa

Aago ọwọ́ tí ìyá ọ̀dọ́mọbìnrin aránṣọ kan fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú ni ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin aláago tí ó wà ní òdìkejì títì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé aago náà ti dákẹ́. Aláago tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú nọ́ọ̀tì kékeré kan, nọ́ọ̀tì náà sì bọ́ sílẹ̀. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Aránṣọ wo ọwọ́ tí ó di ẹ̀mú náà mú, ó rí i pé ó ń gbọ̀n bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò tíì kan aṣọ.

"Ẹ má fòyà," aláago wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kọfí ni. Mo ti mu ún jù láti àárọ̀."

"Tó bá jẹ́ kọfí ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n kúkú bá kọfí dúnàádúrà."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí aránṣọ padà wá gba aago, ó mú páálí tíì pupa kan tí wọ́n ń pè ní róíbọ́ọ̀sì dání. Ó ṣàlàyé fún un pé ewé igbó kan ni, tí a gé, tí a tẹ̀, tí a sì sá sóòrùn títí ó fi pọ́n. Pé kò ní kaféènì, èròjà inú kọfí tí ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kì í lé oorun lọ, bí ó sì ti wù kí ó pẹ́ tó nínú omi gbígbóná, kì í korò. Òun fúnra rẹ̀ ń mu ún nítorí pé tíì dúdú máa ń mú kí àyà òun já.

Láti ọjọ́ náà, bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ ní ọ̀sán, aránṣọ yóò sọdá títì. Aláago yóò gbé omi kaná lẹ́yìn àwọn aago ara ògiri, òórùn tíì náà, bí oyin tí a tọ́jú sínú àpótí igi, yóò sì gba ilé kan. Wọn kì í fi mílíìkì sí i. Èèpo ọsàn gbígbẹ díẹ̀ ni wọ́n fi ń bù kún un, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ nìkan. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó fura.

"Ọkàn mi," ni aláago wí fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan, "mo fẹ́ kí o máa po tíì yìí fún mi títí irun wa yóò fi funfun."

Inú aránṣọ dùn dé góńgó. Síbẹ̀, ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Aláago ti fi kọfí sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì ife ni ó ń bu tíì fún ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ní bí ife bá kún, kì í tètè tutù. Bí ó bá sì gbé ife náà padà sórí àwo kékeré rẹ̀, yóò dún kẹ́kẹ́kẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo aago ti ń dún déédéé, ìró kan ṣoṣo yìí ni kò bá wọn mu.

Nígbà tí aránṣọ mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà délé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Olójú-Mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀, bi í pé ọmọ ta ni aláago náà. Bí ó ti gbọ́ ọ, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mo mọ bàbá rẹ̀. Aláago lòun náà. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ó ní kọfí ni. Nígbà tó yá, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kó tó kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ tó o fẹ́ lọ ṣe nílé ọkọ nìyẹn?"

Bàbá aránṣọ, awakọ̀ ojú irin tí ó ti fẹ̀yìn tì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà wá kí àwọn ní ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá jẹ́ kọfí ni, kọfí ti lọ. Kí àwọn wá wò ó bóyá ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni aránṣọ sáré lọ sọ fún un, ní wákàtí tí kò retí rẹ̀. Òórùn kọfí ni ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Aláago ń sáré gbé ife kan pamọ́ sẹ́yìn aago ńlá.

"Láti ìgbà wo?" aránṣọ bi í.

"Láti ìgbà tí mo ti rí i pé ọwọ́ náà ò dúró." Ó jókòó. "Dókítà ní kí n fi kọfí sílẹ̀ ná, kí n tó padà wá, kóun lè mọ ohun tó jẹ́. Mi ò padà. Tíì tìrẹ ò ní nǹkan kan tí mo lè dá lẹ́bi. Tí mo bá mu kọfí, kọfí ló ń gbọ̀n. Tí mi ò bá mu ún, àìsàn bàbá mi ni."

Ìbínú àti àánú jọ dìde nínú aránṣọ, kò sì mọ èyí tí yóò gbà láàyè.

"Ojú abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun," ó wí. "O wá rò pé mi ò rí ọwọ́ rẹ? Ọwọ́ kọ́ ló dùn mí. Irọ́ ni." Ó wá jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún un.

"Ṣé kí n má wá lọ́la?"

"Wá. Ṣùgbọ́n má mu kọfí kí o tó wá."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yí tábìlì ká nílé bàbá aránṣọ, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun tí aránṣọ rán fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó ń bu tíì pupa náà.

"Bù ú kún fún un," Ìyá Olójú-Mẹ́rin wí. "Àlejò ni."

Ife náà kún dé ẹnu. Aláago wò ó bí ẹni tí ó ń wo kànga. Ìyá náà rọra bi í bóyá ó mu kọfí ní àárọ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn àwáwí ṣí sílẹ̀ fún un gbayawu; kí ó sáà ti wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Aránṣọ kò wo ojú rẹ̀, etí rẹ̀ ni ó fi dúró.

"Rárá, ìyá mi," ni aláago dáhùn. "Mi ò mu kọfí. Ohun tó mú bàbá mi ni mo rò pé ó ti dé ọ̀dọ̀ mi."

Ó gbé ife náà. Kò tíì dé àyà rẹ̀ tí tíì fi ta sórí aṣọ funfun, tí àbàwọ́n pupa náà sì ń tàn lọ díẹ̀díẹ̀.

"O ti gbọ́, o sì ti rí i," bàbá wí fún ọmọ rẹ̀. "Kí lo rí sọ?"

Aránṣọ gba ife náà lọ́wọ́ ọkùnrin rẹ̀. Ó da apá kan rẹ̀ sínú ife ti ara rẹ̀ tí ó ṣófo, títí méjèèjì fi wà ní ìdajì.

"Báyìí la ṣe ń mu ún nílé wa, bàbá mi."

Ìyá Olójú-Mẹ́rin bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. Bàbá wá ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà ná, kí wọ́n wá sọ ọjọ́ ìgbéyàwó fún òun lẹ́yìn ìyẹn.

Dókítà sọ ohun tí wọ́n ti mọ̀, pé àìsàn bàbá aláago náà ni. Síbẹ̀ a so wọ́n pọ̀ ní tọkọtaya, ìdílé méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé wọn, aláago ní kí ìyàwó òun má dìde, òun ni yóò po tíì. Aránṣọ jókòó sórí ibùsùn, ó ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: kẹ́kẹ́kẹ́, ife lórí àwo, ó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rántí bí gíláàsì fèrèsé ilé bàbá òun lẹ́bàá ojú irin ti máa ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì jìnnà réré, kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú láti gba ife náà, ó sì ń dúró dè é.