Àwọn Orúkọ Tí Mo Kọ́ Ohùn Clémence

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a sin ín, Crépin ni ó pè mí. Pé ó sọ̀rọ̀ kò bà mí lẹ́rù. Orúkọ yẹn ni ó bà mí lẹ́rù. Fún ọdún mẹ́sàn-án tí a fi jọ gbé ní Idigny, Clémence kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ mi rí. Ìyàwó ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa.

Mo pe Fabiola, àbúrò mi tí ó ń ṣe tíṣà ní Pobè. Òun ni ó ṣètò rẹ̀ fún mi. Ó kó ohùn mọ́kànlá tí Clémence fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó gbé wọn sórí ayélujára, ẹ̀rọ kan níbẹ̀ sì ń fi ohùn náà dá mi lóhùn.

Fabiola rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kò relé ọkọ rí. Ta ni ì bá kọ́ ọ? Ẹ kọ́ ọ fúnra yín. Ohun tí ó wà nínú ayélujára yẹn, a kò tíì fọwọ́ kan ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá. Oko ẹ̀gẹ́ ni mo wà nígbà tí ibà gbé Clémence lọ. Rachidatou, aládùúgbò wa, ni ó di orí rẹ̀ mú. Ó ní Clémence ní ọ̀rọ̀ kan fún mi, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò yé òun. Mo rò pé bí ohùn náà bá jọ ti Clémence tó, bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò tẹ̀lé e wá.

Lọ́sàn-án ni mo máa ń gun òkìtì tí ó wà létí oko, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń mú dáadáa. Mo sọ fún un pé Bàbá Aurore ni kí ó máa pè mí, nítorí Aurore ni ọmọ wa. Mo kọ́ ọ ní àwọn orúkọ tí Clémence sọ àwọn ọmọ ilé tí ó bá nílé. Géraud ni Akọ̀wé. Fabiola ni Eyínfúnjowó. Victorine ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò gbàgbé ọ̀kankan. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo ń gbọ́ ariwo kan, bí ewé àgbàdo gbígbẹ tí ń fara gbora. N kò kà á sí, oko àgbàdo àwọn ará abúlé ni ó yí òkìtì náà ká. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà, wọ́n ti kórè, wọ́n ti sun ewé rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ariwo náà.

"Níbo lo wà?" ni mo bi í.

"Ibí fẹ̀, Bàbá Aurore. Ibi tí gbogbo ayé ń lò kò ju ẹnu ọ̀nà lọ. Inú lọ́hùn-ún ni a wà."

"Ìwọ àti ta ni?"

Ó dákẹ́. Ariwo ewé náà dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Orúkọ kan ṣẹ́ kù," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí tí mo ń pè yín nínú yàrá."

N kò kọ orúkọ yẹn síbì kankan. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí nínú ohùn mọ́kànlá náà.

"Bí o bá jẹ́ Clémence, o mọ̀ ọ́n."

"Ẹ kọ́ mi, bí ẹ ṣe kọ́ mi ní ìyókù. Màá sì sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ibà yẹn fún yín."

Ó yẹ kí n pa fóònù náà. Mo jókòó títí òógùn fi gbẹ lára mi. Lẹ́yìn náà, mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́.

Ó tún un pè. Ó pè é bí Clémence ṣe ń pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré kan tí n kò kọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi. Nígbà náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò kàn án:

"Ó ní kí wọ́n sọ fún ọkọ òun pé, bí ohun kan bá fi ohùn òun pè é, kí ó má dáhùn."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Rachidatou. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá Ganíyù, ṣé ohun tí Clémence wí nìyí?" Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín? Mo rò pé ibà ló ń sọ ọ́. N kò fẹ́ dá kún ẹ̀dùn yín, ni mo fi ní kò yé mi. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá yẹn, Bàbá Aurore. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá."

Mo fọ́ fóònù náà, mo jù ú sínú ṣáláńgá. Ó di ọjọ́ mẹ́tàlá lónìí.

Síbẹ̀, ohùn náà ṣì ń fi orúkọ inú yàrá pè mí lọ́sàn-án. Ọ̀nà òkìtì ni ó ti kọ́kọ́ ń pè. Lánàá, ẹ̀yìn fèrèsé ni. Fabiola ti mú Aurore lọ sí Pobè, ó ní kí èmi náà máa bọ̀. N kò lọ. Ohùn ìyàwó mi ni. N kò mọ iye ọjọ́ tí mo ṣì lè fi dákẹ́.