Ewúrẹ́ Àgbàsìn Monílọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù pe dókítà ẹran láti Ọ̀rẹ̀, tó ń fi ọ̀kadà wá bá yín nínú oko, láyé ìjọba òyìnbó, bí ikùn ewúrẹ́ bá wú lẹ́yìnkùlé, ta ni ẹ rò pé wọ́n ń pè?

Ẹni tó bá wà nítòsí ni. Lọ́jọ́ ọjà Odigbó kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Monílọ́lá ló wà nítòsí.

Opó ni, ó ń gbé Àgọ́ Aláyè. Ìgbà náà ni kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igbó, tí àwọn olóko ńlá ń wọ ẹtù pẹ̀lú bàtà òyìnbó. Monílọ́lá kò ní ju ọmọbìnrin kan, Ọpẹ́yẹmí, àti ewúrẹ́ kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Àgbàsìn ni. Akínyẹmí, olóko kòkó ará Odigbó, ló fún un sìn. Bí ewúrẹ́ bá bímọ, wọn á pín in. Bí àìtọ́jú bá ba nǹkan jẹ́, ẹni tó ń sìn ín ni yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ní, ọmọ rẹ̀ á lọ ṣe ìwọ̀fà. Lóòótọ́, ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba kì í tètè dé inú igbó. Ewúrẹ́ náà sì ti lóyún. Monílọ́lá ti fojú yan ìdí igi tí yóò so ọmọ ewúrẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ó ti oko dé, ẹrù igi lórí, ó bá ewúrẹ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti wú ga ju eegun ẹ̀yìn lọ. Ó ju igi sílẹ̀.

"Ìyá Gabriel! Ẹ gbà mí o!"

Theresa, ìyàwó kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, sáré dé.

"Yéè! Ìyá Ọpẹ́, ẹ tètè dúńbú ẹ̀ kó tó kú. Ó kéré tán, a ó rí ẹran jẹ."

"Ẹran wo? Ọmọ mi ni ẹ fẹ́ jẹ yẹn. Ẹ bá mi gbé e jàre!"

Wọ́n gbé ewúrẹ́ lọ sórí òkìtì, wọ́n mú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dojú kọ òkè. Monílọ́lá fi igi gbọọrọ dábùú ẹnu rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwo, kó lè máa jẹ igi náà lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde. Ó ń bu epo pupa sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kó má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìkúùkù po ẹ̀gbẹ́ òsì bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Ó pò ó títí apá ro ó. Lójijì, ewúrẹ́ gùfẹ̀. Òórùn kíkan gba ẹ̀yìnkùlé. Ó gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ikùn rọ̀ díẹ̀, nǹkan funfun tó ti rin sì ṣẹ́yọ létè rẹ̀. Monílọ́lá fi ìka tọ́ ọ wò.

"Gàrí nìyí."

"Gàrí kẹ̀? Nílé ta? Ṣebí pupuru ni gbogbo wa ń jẹ níbí."

Òótọ́ ni. Oúnjẹ ọjà ni gàrí nígbà náà, àlejò pàtàkì ni wọ́n ń rà á fún.

Ewúrẹ́ yè, àmọ́ oyún kò dúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bí ọmọ méjì, òkú ni méjèèjì. Àṣà ni pé kí ẹlẹ́ran fojú rí òkú, Monílọ́lá bá fi ewé kókò dì wọ́n, ó gbé wọn lọ sí Odigbó. Akínyẹmí kò tilẹ̀ jẹ́ kó kí òun tán.

"Ẹni tí kò lè tọ́jú ewúrẹ́, ọmọ wo ló lè tọ́jú? Ọ̀dọ̀ mi ni Ọpẹ́yẹmí á máa gbé."

Ó tẹ̀ lé Monílọ́lá dé Àgọ́ Aláyè, ó sì mú ọmọ náà lọ. Monílọ́lá kò sunkún. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló gbà lọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Olóyè Ọládọ̀tun, adájọ́ kọ́ọ̀tù náà, jókòó lábẹ́ páànù tuntun, aṣọ àrán ní ìdí, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ní ọrùn. Ọpẹ́yẹmí dúró lẹ́yìn Akínyẹmí, ó ń fi agboòrùn ṣíji bò ó.

Monílọ́lá kúnlẹ̀. "Kí ìlẹ̀kẹ̀ pẹ́ lọ́rùn yín, bàbá. Ẹnìkan ló fún ewúrẹ́ ní gàrí nígbà tí mo wà lóko. Gàrí kì í wọ ilé mi."

"Irọ́!" Akínyẹmí dìde, ó tún ẹtù rẹ̀ ṣe. "Olóyè, obìnrin yìí kì í jókòó ti ẹran. Lọ́jọ́ ọjà yẹn gan-an, mo yà síbẹ̀ bí mo ti ń tọjà lọ sóko kòkó mi. Kò sí nílé! Ebi ń pa ewúrẹ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mi bọ́ ọ, kó má baà gbàgbé ẹni tó ni ín."

"Àṣà wa ni," ni olóyè wí. "Kí lo fún un jẹ?"

"Ṣé ewé ni irú mi á fún un? Gàrí ni! Gàrí funfun tí mo rà fún ara mi. Igbá kan, ó lá a mọ́."

"Omi ńkọ́?"

"Igbá omi kan. Ó mu ún tán. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ẹran tọ́jú ni?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Theresa ké láti ẹ̀yìn: "Ẹ bomi sí gàrí nínú ife, ẹ wá wò bó ṣe máa wú!"



"Gba agboòrùn lọ́wọ́ ọmọ yẹn," ni olóyè wí fún Akínyẹmí.

Ó gbà á. Ọpẹ́yẹmí la àárín kọ́ọ̀tù kọjá, ó lọ dúró ti ìyá rẹ̀. Monílọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò wo ibòmíràn.

"Ewúrẹ́ náà di tìrẹ, Monílọ́lá. Láti òní, ẹlẹ́ran kankan kò gbọdọ̀ bọ́ àgbàsìn lẹ́yìn ẹni tó ń sìn ín. Wọn á kéde rẹ̀ títí dé abúlé Omifunfun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ orúkọ ná. Ta ló pa ọmọ ewúrẹ́ méjèèjì?"

Akínyẹmí ṣí fìlà. "Èmi ni."

"Àwọn tó wà níta ò gbọ́."

"Èmi Akínyẹmí ni."